Ìgè: Ọmọ tí ó fi Ẹsẹ̀ Ṣáájú àti Ọ̀nà Ìbí Rẹ̀



Orúkọ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí Yorùbá bá pe ọmọ ní Ìgè, a ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe orí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni. Ó fi hàn pé àwọn ìyá àgbà tí ń gbẹ̀bí láyé àtijọ́ mọ irú ìbí yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìbí ni a ń sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí mo wá sọ ni pé ó yẹ kí á ti mọ Ìgè kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 28, nǹkan bí 25 nínú 100 ọmọ ni ó ṣì gbé orí sókè nínú ilé ọmọ. Púpọ̀ nínú wọn a yí padà fúnra wọn. Nígbà tí oṣù bá pé, bí 3 tàbí 4 ni ó kù. Òmíràn na ẹsẹ̀ sókè sí ojú, òmíràn lóṣòó, òmíràn sì na ẹsẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ti ìkẹyìn yìí bá rí bẹ́ẹ̀ títí omira fi tú, okùn ìwọ́ lè já bọ́ ṣáájú ọmọ. Ewu mìíràn sì wà: orí, tí ó le tí ó sì tóbi, ni ó ń jáde kẹ́yìn. Bí ó bá há, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni a ní.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Èkínní ni kí dókítà fi ọwọ́ yí ọmọ láti orí ikùn, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 tàbí 37. Ó ń bọ́ sí i fún nǹkan bí ìdajì àwọn tí a bá ṣe é fún. Ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ abẹ ti lè yá kíákíá ni a ti ń ṣe é. Fífi òróró wọ́ ikùn nílé kò lè rọ́pò rẹ̀. A kì í ṣe é fún ẹni tí ibi ọmọ dí ẹnu ilé ọmọ.

Èkejì ni iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, láti orílẹ̀-èdè 26, fi hàn pé ikú tàbí ìpalára ńlá kan nǹkan bí 16 nínú 1,000 ọmọ níbi tí a ti pinnu iṣẹ́ abẹ, àti 50 níbi tí a ti pinnu ìbí láti ojú ara. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún wo díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà ní ọmọ ọdún méjì, ìyàtọ̀ náà kò hàn mọ́. Àpá inú ilé ọmọ sì lè dá wàhálà sílẹ̀ nínú oyún tí ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta ni bíbí láti ojú ara, fún ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó yẹ, lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi èyí sílẹ̀, ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe sì ń dínkù. Ta ni yóò gba ọmọ obìnrin tí ó dé nígbà tí ẹsẹ̀ ti yọ? Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí á dẹ́kun kíkọ́ àwọn agbẹ̀bí wa.

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mú ẹkún sun. Kí aboyún kọ̀ọ̀kan béèrè ní ọ̀sẹ̀ 36 pé, "Níbo ni orí ọmọ mi wà?" Ìbéèrè yìí ni yóò jẹ́ kí Ìgè wá sáyé kí á sì rí i sọ lórúkọ.