Eegun Obìnrin Nígbà tí Nǹkan Oṣù Bá Dáwọ́ Dúró



N kò ní fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ dá yín dúró. Gbogbo wa la mọ̀ pé láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù sábà máa ń dáwọ́ dúró, àti pé estrogen tó ń ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin á wálẹ̀ gan-an. Ó tó bẹ́ẹ̀. Eegun ló gbé mi wá.

Ẹ wo eegun màlúù tó wà lórí tábìlì yìí. Mo ní kí alápatà là á lóròó ni. Èèpo rẹ̀ le, ó dì. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ níbí, ihò wínníwínní ni, ìgànná tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló là wọ́n láàárín. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú eegun ẹ̀yìn wa àti ti ọrùn ọwọ́ rí. Nínú eegun ààyè, àwọn sẹ́ẹ̀lì awólé wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì bíríkìlà náà wà, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Estrogen ni kì í jẹ́ kí awólé ṣe àṣejù. Tó bá ti lọ, wọ́n á máa wó ju ohun tí bíríkìlà lè mọ lọ. Ìgànná tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ ń já, èyí tó bá sì já tán, kò sí ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n mọ́. Ìwádìí SWAN ní Amẹ́ríkà, tó tẹ̀ lé àwọn obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí i pé ó ku bí ọdún kan kí nǹkan oṣù tó dá ni eegun ti ń yára dínkù, títí di bí ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ohun tó lé ní 10 nínú 100 ti lọ nínú eegun ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó ń ká mi lára. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ dókítà kékeré, wọ́n gbé màmá kan wá tó yọ̀ ní balùwẹ̀, tó fọwọ́ tilẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Mo ní ká yẹ eegun rẹ̀ wò dáadáa. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín, ó ní àìsàn kí eegun máa fúyẹ́ kì í ṣe obìnrin dúdú. Wọ́n de ọwọ́ màmá, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, ó lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn tó ní irú èrò yẹn fà á.

Ohun tí wọ́n dì mú ni pé eegun àwọn obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ki ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ìbàdí wọn kì í sì í kán tó tiwọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé abúlé Keneba ní Gáḿbíà, níbi tí olùwádìí Ann Prentice àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ pẹ́. Nígbà ìwádìí wọn, àwọn ìyá ibẹ̀ ń roko, wọ́n ń gún jéró lódó, calcium tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ kò sì ju nǹkan bíi 400 mílígíráàmù lọ. Wọ́n fi eegun wọn wé ti àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì: tiwọn ló fúyẹ́ jù. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, ó tún ń dínkù sí i. Síbẹ̀, kì í sábà kán. Ní 1996 ni wọ́n tẹ àbọ̀ yẹn jáde. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, eegun ki. Adúláwọ̀ Gáḿbíà, eegun fúyẹ́. Èwo wá ni "eegun dúdú" nínú méjèèjì? SWAN pàápàá sọ ọ́ gbangba pé ìwúwo ara ló ń pinnu bí eegun ṣe ń yára dínkù, kì í ṣe ẹ̀yà. Àwọn tí mo ń bá fà á á tún ní, bí kì í bá kán ní Keneba, kí ló kàn wá? Ìyá tó ń tajà ní Mushin ní Èkó lónìí, orí àga ló ń bá ọjọ́ lọ, ọkọ̀ ló ń gbé e délé, blẹ́ńdà ló ń bá a lọ ata. Ṣé odó Keneba ló máa gbèjà rẹ̀?



Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ ṣọ́ra. Bí gáùn tó bá màmá lẹ́sẹ̀ mu tẹ́lẹ̀ bá ti ń wọ́lẹ̀, tí ẹ̀yìn sì ń tẹ̀, ẹ má kàn sọ pé àgbà ló dé. Ó lè jẹ́ pé eegun ẹ̀yìn ti ń rún mọ́ra, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

 Èèpo líle eegun tí mo fi hàn yín níbẹ̀rẹ̀ náà kì í yè bọ́: ó ń lu ihò, ó sì ń fín láti inú wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ń kún un láti ìta.

Oògùn wà. Àdàpọ̀ estrogen àti progestin tí wọ́n dán wò ní Amẹ́ríkà dín kíkán ìbàdí kù, ṣùgbọ́n ní 2002 wọ́n dá ìdánwò náà dúró nítorí jẹjẹrẹ ọmú àti rọpárọsẹ̀ tó ń pọ̀ sí i. Dókítà ni kó bá yín gbé e wọ̀n. Oògùn mìíràn, alendronate, ń dá awólé lọ́wọ́ kọ́: omi lásán ni kí ẹ fi gbé e mì láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ máa rìn. Ẹ máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun, àti wàràkàṣì.