Kí Ẹ Tó Gé Aṣọ Ọdún

 

Tí Iléyá bá ti lọ, Kayokayo la máa ń múra sí ní Ẹ̀pẹ́, ọdún tí a fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe wá tẹ̀dó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Gbogbo ilé ló ń rán aṣọ nígbà náà. Télọ̀ á ní, "Ẹ padà wá lọ́la." Ẹ̀yin tí ẹ ní maṣíìnì nílé, ẹ rán ti àwọn ọmọ fúnra yín.

Ṣùgbọ́n aṣọ tí a ti gé kò ṣeé dá padà o. Lọ́dún kan, mo gé àǹkárá ọmọ mi láì rẹ ẹ́ sómi. Ìgbà tá a fọ̀ ọ́, bùbá súnkì dé ìdodo!

Torí náà, ẹ rẹ àǹkárá mọ́jú, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ tó gé e. Ẹ rẹ àdìrẹ lọ́tọ̀, kó má ba funfun jẹ́. Ẹ tẹ́ bùbá ọmọ tó bá a mu lé e, ẹ sàmì, ẹ fi ínṣì 1 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́; ọmọ ń dàgbà, ẹ ó lè tú u lẹ́yìnọ̀la. Ọrùn ni kí ẹ gé kékeré: ó ṣeé fẹ̀, kò ṣeé fún. Tí òwú bá ń já, ẹ tún un kì, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́.

Kí àwọn ọmọ jókòó tì yín, kí wọ́n máa wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í jẹ́ kí ilé tòṣì.