OÒGÙN TÍ ÌMỌ́LẸ̀ Ń JÍ

 

Bí ilẹ̀ bá ṣú lálẹ́ òní, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìka yín yóò pọ́n bí ẹyín iná. Nínú gbogbo àwọ̀ tí à ń rí nínú ìmọ́lẹ̀, pupa ló ń gba inú ẹran ara kọjá jù. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ la fẹ́ bá yín sọ. Oògùn tó ń pa àrùn yìí máa ń ba ara tí kò ní àrùn jẹ́ pẹ̀lú. Irú rẹ̀ kan wà tí wọ́n fi irin iyebíye tí à ń pè ní platinum ṣe. Láti 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i. Ó ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí aláìsàn bì gan-an, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ǹjẹ́ a lè rí oògùn tí yóò sùn jẹ́ẹ́ nínú ara, tó jẹ́ pé ojú àrùn nìkan ni yóò ti jí? Ọ̀nà rẹ̀ ti là tipẹ́. Ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Oscar Raab, bu aró sínú omi tí kòkòrò tíntìntín wà nínú rẹ̀. Nínú òkùnkùn, wọ́n yè. Nínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n kú. Ní 1900 ni wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde.

Ní 1993, ìjọba Kánádà fọwọ́ sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Wọn á gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, wọn á wá tan ìmọ́lẹ̀ pupa sí ojú àrùn. Oògùn á jí, á sọ ọ́síjìn, èyí tí à ń mí símú, di oró tó ń pa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n aláìsàn gbọ́dọ̀ sá fún oòrùn fún 30 ọjọ́, ó kéré tán, kí awọ rẹ̀ má baà jó.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wá èyí tó sàn jù. Àwọn kan yà sọ́dọ̀ bàbà, irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Bàbà kò wọ́n tó platinum. Ara wa pàápàá ní ìwọ̀nba díẹ̀ nínú. Ní Bangalore, ní ilẹ̀ Índíà, Akhil Chakravarty àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ po bàbà mọ́ àwọn èròjà mìíràn, ìmọ́lẹ̀ pupa sì jí i. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ó rí nínú ìka yín náà ni.

Ẹ gbọ́ o! Inú yàrá ìwádìí ni oògùn bàbà yìí ṣì wà. Ẹ má ṣe rẹ bàbà sínú omi mu, ẹ má sì ha ìpẹtà rẹ̀ sójú egbò. Bí bàbà bá pọ̀ jù nínú ara, májèlé ni. Bí ẹnì kan bá ń kiri oògùn bàbà fún jẹjẹrẹ, ẹ má dá a lóhùn.

Ìmọ́lẹ̀ pupa pàápàá kì í wọlé jìnnà nínú ara. Àrùn tó ṣì kéré ló lè bá jà. Bí ẹ bá rí kókó nínú ọmú, tàbí egbò tó kọ̀ tí kò jinná, ẹ tètè lọ rí dókítà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.