Kí A Tó Fi Ọ̀dà Tuntun Kun Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tí ẹ wà ní kíláàsì àgbà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má sọ pé ti pánẹ́bítà àti ẹni tí ń kun ọkọ̀ nìkan ni. Bí ẹ kò tilẹ̀ ní kẹ̀kẹ́, ẹ ó rí ohun tí ó kàn yín nínú rẹ̀.

Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a ra Volkswagen àtijọ́ kan, irú èyí tí a ń pè ní Ìjàpá. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to irú ọkọ̀ yìí ní Èkó. Tiwa ti darúgbó. Ọ̀dà ara rẹ̀ ń bó bí èèpo ẹ̀pà, irin ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Ṣùgbọ́n ọdún ń bọ̀, ojú sì ń kán wa. A ní kí wọ́n kàn fi ọ̀dà tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ń dán, àwọn èèyàn ń kí wa kú oríire. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, ara ọkọ̀ yọ ìléròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Ọ̀dà tuntun àti ti àtijọ́ jọ ń ṣí kúrò. A pa làpálàpá, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá ṣì lẹ̀ mọ́ irin dáadáa, tí kò sán, tí kò wú, kò di dandan kí a bó gbogbo rẹ̀. Kí a fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ díẹ̀, kí ọ̀dà tuntun lè rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń bó, ẹ má tan ara yín. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ojú ibi tí ọ̀dà ti sán ni omi ń gbà dé ara irin.

Báwo ni a ṣe ń bó o? Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ ọkọ̀ náà. Bí epo bá wà ní ara rẹ̀, ńṣe ni sáńpépà yóò máa fi epo náà ra irin. Ẹ tú iná àti róbà tí ó bá ṣe é tú, kí ẹ sì fi láílọ́ọ̀nù bo gíláàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá òòfà kékeré tí ń fa irin mọ́ra, irú èyí tí ó wà nídìí sípíkà rédíò. Ẹ máa gbé e lé ara ọkọ̀ káàkiri. Níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ti fi fílà dí ihò níbẹ̀ rí.

Ó kan sáńpépà. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni sáńpépà ṣe le tó. 80 ni ó ń bó ọ̀dà. 180 ni ó ń tún ojú ibi tí 80 ti ha ṣe. 320 ni ó ń mú un jọ̀lọ̀. Ẹni tí kò bá wo nọ́ńbà yóò fi 80 ṣe iṣẹ́ 320, ojú irin yóò sì dà bí ojú ẹni tí ológbò ha.

Ẹ ṣọ́ra fún eruku rẹ̀ o! Wọ́n po òjé mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé àtijọ́, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé inú eruku òkúta wúrà pa ọmọ tí ó ju 400 lọ. Ti òkúta wúrà ni tiwọn, kì í ṣe ti ọkọ̀, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni. Nítorí náà, ẹ fi omi rin ọ̀dà bí ẹ ti ń ha á, kí eruku má baà fò. Ẹ lo ìbòmú. Ẹ má fi iná jó ọ̀dà. Ẹ má gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀. Kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó gbé ọmọ, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ọ̀nà kejì ni oògùn tí ń bó ọ̀dà, èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo. Ibí yìí gan-an ni ìtìjú wa wà.

Ọjọ́ tí a fẹ́ tún Ìjàpá wa ṣe lẹ́ẹ̀kejì, òjò ń rọ̀. A gbé ọkọ̀ wọ gáréèjì, a ti ilẹ̀kùn, a bẹ̀rẹ̀ sí fi búrọ́ọ̀ṣì kun oògùn náà. Kò pẹ́, orí ń fọ́ wa. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kun ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, òòyì kọ́ wa, a kò lè dìde mọ́. Ọlọ́run ló yọ wá. Pánẹ́bítà kan tí ó wà nínú kíláàsì àgbà wa wá kí wa, òun ló fà wá jáde sínú òjò. Nígbà tí ara wa balẹ̀, ó gbé agolo náà wá, ó fi ìka tọ́ ara rẹ̀.

“Ọ̀gá tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbí?”

A kà á fún un: kí a lò ó níta gbangba, kí a má lò ó nínú ilé tí a tì.

Ó ní, “Ẹ má bínú o, ọ̀gá. Ẹ̀yin mọ̀wé. Kí ló dé tí ẹ kò kà á?”

A kò rí èsì fọ̀. Títí di òní, a kò tíì rí i.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ methylene chloride. Èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ni ó ń kó jọ sí. Bí a bá fà á símú, ara wa a máa sọ ọ́ di irú májèlé kan náà tí ó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Ìbòmú eruku kò lè dá a dúró. Ó ti pa àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ìdí nìyẹn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní ọdún 2019 pé kí wọ́n má tà á fún ará ilé mọ́ fún bíbó ọ̀dà.

Bí ẹ bá máa lo oògùn kankan, níta gbangba ni kí ó jẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí agolo dárúkọ, kí ẹ sì fi awò dáàbò bo ojú. Ẹ kùn ún kí ó nípọn, kí ẹ má fa búrọ́ọ̀ṣì síwá-sẹ́yìn. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú tí agolo sọ. Ọ̀dà yóò hunjọ. Ẹ fi ike pẹlẹbẹ há a kúrò, kí ẹ sì fọ irin bí agolo ti wí. Ẹ má jẹ́ kí oògùn náà kan róbà, fílà tàbí ojú ibi tí irin méjì ti pàdé. Bí ó bá sá pamọ́ síbẹ̀, yóò jáde wá ba ọ̀dà tuntun jẹ́. Ẹ má da ìhá rẹ̀ sí gọ́tà.

Irin tí ó wà níhòòhò kì í pẹ́ dógùn-ún ní ilẹ̀ wa. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìwé mímọ̀ ọ̀tọ̀, ìwé kíkà ọ̀tọ̀. Àwa mọ̀wé, a kò kà á, díẹ̀ ló kù kí a sùn sínú gáréèjì. Lálẹ́ òní, ẹ wá ohun kan nínú ilé yín tí ọ̀rọ̀ wà ní ara rẹ̀, ì báà jẹ́ ìgò oògùn ọmọ tàbí agolo oògùn kòkòrò. Ẹ kà á. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé yín, ẹ gbé e wá sí kíláàsì lọ́la. Ẹ má tijú. A ó jọ kà á ni.

Ó dàárọ̀ o.