Orin Tí Ogunlọ́gọ̀ Bá Eddie Vedder Kọ

Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ ọdẹ òru ní ilé iṣẹ́ epo kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Eddie Vedder lorúkọ rẹ̀, ìlú San Diego ló ń gbé nígbà náà, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Tí iṣẹ́ òru bá parí, etí òkun ló ń lọ, tòun ti pákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì. Ní 1990, ẹnì kan fi kásẹ́ẹ̀tì kan lé e lọ́wọ́. Gìtá àti ìlù nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọrin sí i.

Àwọn tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Ìlú Seattle ni wọ́n wà, lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Stone Gossard tó ń ta gìtá àti Jeff Ament tó ń ta gìtá béèsì ti wà nínú ẹgbẹ́ kan tẹ́lẹ̀, Mother Love Bone. Andrew Wood ni akọrin iwájú wọn. Àwo ńlá wọn kò tíì jáde tí oògùn olóró heroin fi pa Wood ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta 1990, lẹ́ni ọdún 24. Bí ẹgbẹ́ ṣe tú nìyẹn. Àwọn méjèèjì wá pe Mike McCready mọ́ra, òun náà onígìtá, wọ́n gba orin tí kò ní ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò fohùn sí i. Jack Irons, onílù tó ti bá ẹgbẹ́ Red Hot Chili Peppers ṣeré rí, ló gbé kásẹ́ẹ̀tì náà fún Vedder, torí pé wọ́n jọ máa ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, irú orin wo là ń sọ gan-an? Grunge ni wọ́n ń pè é. Orin gìtá ni, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kí ohùn gìtá náà mọ́ gaara. Wọ́n á fi ẹ̀rọ lọ́ ọ títí yóò fi máa ha, tí yóò sì wúwo létí. Akọrin lè bẹ̀rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kó sì fi igbe ta lójijì. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó dá dúró ló kọ́kọ́ gbé e jáde, àwọn aláwo ńláńlá kò tiẹ̀ bojú wo Seattle nígbà náà. Sub Pop ló lórúkọ jù nínú wọn. Dọ́là 606 àti díẹ̀ ni wọ́n fi gba ohùn àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ Nirvana sílẹ̀, ìyẹn Bleach, tí Sub Pop gbé jáde ní 1989. Gossard àti Ament náà ti ṣe àwo lábẹ́ Sub Pop rí, nínú ẹgbẹ́ Green River.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọdẹ òru wa. Láti kékeré ni Vedder ti gbà pé ọkọ ìyá òun ló bí òun. Ìgbà tó ti bàlágà ni wọ́n tó là á yé e pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti rí rí, tó kàn mọ̀ sí ọ̀rẹ́ ẹbí, ni bàbá rẹ̀ gan-an, ọkùnrin náà sì ti kú. Àìsàn multiple sclerosis ló pa á, èyí tó máa ń bá ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jà. Ẹ wo ẹrù tí wọ́n gbé ka ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó ń pè ní bàbá kì í ṣe bàbá, bàbá tòótọ́ ti wà nínú ilẹ̀, gbogbo àgbà tó mọ̀ ọ́n sì ti panu mọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Lójú tèmi, ìdákẹ́ yẹn ló burú jù.

Nígbà tó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà tán, ó lọ gun ìgbì lówùúrọ̀. Inú omi ni ọ̀rọ̀ orin ti ń wá sí i lórí. Ó padà délé, ó kọrin sórí mẹ́ta nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó sì fi í ránṣẹ́ padà sí Seattle. Àwọn orin náà ni Alive, Once àti Footsteps, ìtàn kan ṣoṣo sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ti àkọ́kọ́, ìyá tú àṣírí bàbá fún ọmọ. Nínú ìkejì, orí ọmọ náà dàrú, ó di apànìyàn. Nínú ìkẹta, ó ń dúró de ikú lẹ́wọ̀n. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn jẹ́ ti Vedder fúnra rẹ̀. Ìyókù, àròsọ ni, a dúpẹ́.

Ó dé Seattle ní oṣù Kẹwàá. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà gan-an ni wọ́n ṣeré ìta gbangba àkọ́kọ́, ní ilé ìgbafẹ́ kan tó ń jẹ́ Off Ramp. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ kan, Mookie Blaylock, ni wọ́n fi pe ẹgbẹ́ wọn nígbà náà. Ẹ̀yìn náà ló di Pearl Jam. Ojú ń ti Vedder gan-an ní àsìkò yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ là á lójú ni iṣẹ́ ọ̀fọ̀ kan tí Chris Cornell ń ṣe. Cornell yìí ni akọrin ẹgbẹ́ Soundgarden, òun àti Andrew Wood sì ti jọ gbé yàrá. Ó kọ orin láti fi ṣèdárò ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí àwọn ọdẹ wa ṣe ń fi ìrèmọ̀jé ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ọdẹ ẹgbẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kan tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ Vedder ń ṣe ìfidánrawò orin Hunger Strike, ó nira fún Cornell láti dá kọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ pọ̀. Àlejò tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó gba ohùn ìsàlẹ̀. Vedder ni. Temple of the Dog ni wọ́n pe àwo tí orin náà wà nínú rẹ̀, oṣù Kẹrin 1991 ló jáde.

Àwo Pearl Jam fúnra wọn, Ten, tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Ilé iṣẹ́ ńlá Epic ló gbé e jáde, orúkọ rẹ̀ sì wá láti ara nọ́ńbà ẹ̀wù Blaylock. Kò tètè tà. Nígbà tó wá gbéra, ó ta ju mílíọ̀nù 10 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Ojú tó ń ti Vedder wá pòórá pátápátá: níbi àjọ̀dún Pinkpop ní Netherlands ní 1992, orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé kámẹ́rà sókè ló ti bẹ́ sáàárín èrò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dán an wò o.

Ibi tí ìwòsàn ti wọ ọ̀rọ̀ yìí rèé. Vedder là á sílẹ̀ lórí ètò tẹlifíṣọ̀n VH1 Storytellers ní 2006. Nígbà tó kọ Alive, wíwà láàyè tí orin náà ń kéde, èpè ló jẹ́ fún ọmọ inú ìtàn náà: bàbá ti lọ, òun ló kù tí yóò máa ru ẹrù. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ káàkiri, àwọn èrò ń fò sókè, wọ́n ń nawọ́, wọ́n ń gbe ègbè rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ìdùnnú pé àwọn ṣì wà lókè eèpẹ̀ ni wọ́n gbọ́ níbẹ̀. Vedder ní àwọn yẹn ló yí ìtumọ̀ orin náà padà fóun, pé àwọn ló ká èpè náà kúrò. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọjọ́ tó dá kọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì ní San Diego ló rí ìtura? Ọjọ́ yẹn, ọgbẹ́ ló ṣí síta. Ohùn àwọn ẹlòmíì ló bá a dí i.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní Gothenburg, lórílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan lára, wọ́n ní kí wọ́n jọ kọrin. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013: bí wọ́n ṣe ń kọrin pọ̀, lílù ọkàn wọn ń yára pọ̀, ó sì ń rọlẹ̀ pọ̀. Èémí ló fà á. Gbólóhùn orin ló ń pàṣẹ ìgbà tí gbogbo wọn yóò fa èémí sínú àti ìgbà tí wọn yóò rọra tú u sílẹ̀, èémí tí a bá sì rọra tú sílẹ̀ báyìí máa ń mú kí ọkàn rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Orin kò gba gbogbo àwọn akọrin grunge là. Kurt Cobain ti Nirvana gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1994. Oògùn olóró pa Layne Staley ti ẹgbẹ́ Alice in Chains ní 2002. Cornell tó fi orin sọkún ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ayé sì ń yìn ín fún ohùn, gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2017. Akọrin ńlá ni gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé orin nìkan ti tó fún ẹni tí ìrònú ti bò mọ́lẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kan ń jẹ lọ́kàn lábẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà nílé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹgbẹ́ tó ń kọrin ládùúgbò, ì báà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ ti asalátù, kẹ́ ẹ bá wọn kọ ọ́, kódà bí ohùn yín ò bá dùn.