Ohùn Orí Tẹlifóònù: Ta Là Ń Gbọ́?

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí àwọn gbajúmọ̀ orí tẹlifóònù, àwọn tí èrò ń tẹ̀ lé lórí Facebook, TikTok àti WhatsApp. Bí wọ́n bá ní "ẹ mu èyí", ọ̀pọ̀ wa a mu ún.

Ohùn wọn lè ṣe wá lóore. Lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, Angélique Kidjo, bá UNICEF tún orin Miriam Makeba náà, "Pata Pata", kọ. Ó fi kìlọ̀ pé kí a máa fọ ọwọ́, kí a má sì fara kan ara wa. Ohun tí àwọn dókítà ń wí náà ló fi kọrin.

Ṣùgbọ́n ohùn lè pani pẹ̀lú. Ní oṣù keje ọdún 2014, Ebola wọ Nàìjíríà, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù pé ẹni tó bá mu omi iyọ̀, tó sì fi wẹ̀, Ebola kò ní mú un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní, ó kéré tán, èèyàn méjì kú. Ebola kọ́ ló pa wọ́n o, omi iyọ̀ ni!

Bẹ́ẹ̀, iyọ̀ kan náà, bó bá wà níwọ̀n nínú SRO, ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ló ń gbà là. Ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ta ló mọ ìwọ̀n? Agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe ẹni tí èrò ń wò.

Nítorí náà, ẹ máa bi ara yín: kí ni ẹni yìí ń tà? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ọlọ́jà tó ń ní ọjà òun kò dára. Ṣé ilé ìwòsàn sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ó ní kí n má gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tàbí kí n pa oògùn dókítà tì? Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sá fún un.

Ẹ̀yin ìyá, gbajúmọ̀ lẹ̀yin náà. Oníbàárà yín ń gbọ́ tiyín. Kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ bi agbẹ̀bí. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ jẹ́ kó parí sọ́wọ́ yín.

Ó dàbọ̀ o. Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ wa sí.