Ogun tí ayé rí àti èyí tí ayé kò rí: Ìbéèrè tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Accra ń tọ pinpin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pé jọ, ẹ wo oṣù Kẹjọ ọdún 1990 dáadáa. Lọ́jọ́ Kejì oṣù náà, Iraq ya wọ Kuwait, kámẹ́rà ayé sì kọjú sí ibẹ̀. Lọ́jọ́ Kẹrìnlélógún, àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia ní Liberia, níbi tí ogun ti ń pa èèyàn láti òpin ọdún 1989. Ọ̀gágun Arnold Quainoo, ọmọ Ghana, ló kó wọn lọ. Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù ń múra ogun ilẹ̀ Lárúbáwá. Àwọn aládùúgbò Liberia ló gbé ìbọn wá.

Ta ló ń pinnu ogun tí ayé máa wò? Ṣé ẹni tó ń wò náà ló sì máa ń wá gba èèyàn sílẹ̀? Àwọn onímọ̀ kan wà ní Accra tí iṣẹ́ wọn kò jìnnà sí ìbéèrè méjèèjì yìí láti ọdún gbọ́ọrọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwesi Aning jẹ́ ọ̀kan. Ohun tí ECOWAS ṣe ní Liberia ló kọ ìwé lé lórí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Fásitì Copenhagen, ní Denmark. Lẹ́yìn náà ló wá ń darí ìwádìí ní Teshie, létí òkun Accra, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Kofi Annan sọ, níbi tí sójà, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìjọba láti káàkiri Áfíríkà ti ń kọ́ nípa pípa àlàáfíà mọ́. Ẹnì kejì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwame Karikari, tó kọ́ àwọn akọ̀ròyìn ní Fásitì Ghana ní Legon, tó ti darí iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ghana láàárín 1982 sí 1984, tó sì dá Media Foundation for West Africa sílẹ̀ ní Accra lọ́dún 1997. Aning ń wo ẹni tó gbé ìbọn, Karikari ń wo ẹni tó gbé gègé.

Ẹni tó gbé gègé yìí ṣe pàtàkì, nítorí ogun kì í dédé di ìròyìn. Ẹnìkan ní láti lọ síbẹ̀. Akọ̀ròyìn Nàìjíríà méjì lọ sí Liberia lọ́dún 1990: Tayo Awotunsin ti ìwé ìròyìn Champion àti Krees Imodibie ti The Guardian. Àwọn ọmọ ogun Charles Taylor mú wọn, wọ́n sì pa wọ́n. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó lè ka iye ìròyìn tó bá wọn lọ.

Ọdún 1994 tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà hàn sí i. Nígbà tí ìpakúpa bẹ̀rẹ̀ ní Rwanda lóṣù Kẹrin, South Africa ni ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn òkèèrè kó lọ nítorí ìdìbò tó gbé Nelson Mandela wọlé. Lọ́jọ́ Kọkànlélógún oṣù náà, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàṣẹ pé kí ọmọ ogun àjọ náà ní Rwanda dín kù sí 270. Belgium kó àwọn tirẹ̀ kúrò. Ọ̀gágun Henry Anyidoho, ọmọ Ghana tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá wọn, kọ̀ láti lọ, àwọn ọmọ Ghana ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kù. Kámẹ́rà wá dé lọ́pọ̀ yanturu lóṣù Keje, àmọ́ Goma ní Zaire ìgbà náà ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí àrùn onígbáméjì ti ń pa àwọn tó sá wá. Owó àti oúnjẹ tẹ̀lé kámẹ́rà lọ síbẹ̀. Àwọn apààyàn tó bá wọn sá náà sì jẹ níbẹ̀.

Nílé Ghana fúnra rẹ̀ ńkọ́? Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 1994 yẹn kan náà, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá: Konkomba lápá kan, Nanumba, Dagomba àti Gonja lápá kejì. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó kú, abúlé jóná lọ bẹẹrẹ, ìjọba Jerry Rawlings sì kéde òfin pàjáwìrì. Nítorí pé àríyànjiyàn lórí ẹyẹ awó lọ́jà ló dá iná náà sílẹ̀, "ogun awó" ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn ṣe ọ̀rọ̀ náà léṣe gan-an. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á rẹ́rìn-ín, á sì ṣí ojú ìwé mìíràn; kò ní mọ̀ pé ìjà ilẹ̀ ni, kò sì ní mọ̀ pé lọ́dún 1993 ni àwọn Konkomba ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ lọ́balọ́ba pé kí wọ́n gbé olóyè àwọn ní Saboba ga dé ipò ọba ńlá. Awó kọ́ ló ń pa èèyàn.

Kámẹ́rà ayé kò wá. Àwọn onílàjà láti Nairobi ló wá, wọ́n bá àwọn àjọ tó wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n sì pe àwọn ẹ̀yà náà jókòó léraléra ní Kumasi títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lọ́dún 1996. Iṣẹ́ ọdún bíi méjì ni, kò sì sí àwòrán kan nínú rẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n lè fi tajà.

Ohun tí iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yìí fi wúlò lónìí ni Bawku, nítòsí ààlà Burkina Faso, níbi tí Kusasi àti Mamprusi ti ń jà lórí oyè. Aning wà lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní gbangba. Bí Ukraine àti Gaza ṣe ń gba iwájú ìwé ìròyìn, òfin kónílé-ó-gbélé ni àwọn ará Bawku ń gbé pẹ̀lú. Asantehene, Otumfuo Osei Tutu Kejì, ni ìjọba bẹ̀ pé kó dá sí i, ó sì pe ìhà méjèèjì wá sí ààfin rẹ̀ ní Kumasi.